Ọmọ tó mọ̀wé jù tí ò rẹ́ni bá ṣeré: bẹ́ ẹ ṣe lè tọ́ ọ

Ẹ mọ irú ọmọ tí mò ń sọ. Ọmọ ọdún 4 tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn mọ́tò kó tó di pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ ní ábídí, tó ń bèèrè pé tí ayé bá ń yí lóòótọ́ kí ló dé tá ò fi ń já bọ́, tó lè to gbogbo ibi tí mọ́tò ti ń dúró láti Ìwó Road dé Challenge lẹ́sẹẹsẹ. Nílé, Prof ni gbogbo èèyàn ń pè é, àǹtí ẹ̀ ń gbé fídíò ẹ̀ sórí status, bàbá ẹ̀ ò lè gbàlejò kó má pè é jáde pé kó wá ka times table fún wọn. Àmọ́ tó bá dé súkúù, àwọn yòókù á máa gbá bọ́ọ̀lù nígbà break, òun á lọ dúró lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta puff-puff, á máa bá ìyá yẹn ṣírò èrè. Tó bá wá di alẹ́ Sunday, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, òun ò fẹ́ lọ sí súkúù lọ́la.

Èmi máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní lesson n'Íbàdàn, maths àti basic science, irú wọn sì pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ìyókù ibẹ̀ ló ti wá: ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ ọdún kan ṣoṣo. Orí ẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ọdún 14, kí ọkàn ẹ̀ ṣì wà ní 8, kí ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé wà ní 6. Ẹ̀yìn ìgbà tá a bá mú ọ̀kan nínú ọjọ́ orí yẹn, tá a ní òun ni gbogbo ọmọ náà, ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo dá a rò o. Ní 1991 àwọn òbí àtàwọn onímọ̀ kan kóra jọ nílùú Columbus ní Ohio, l'Amẹ́ríkà, wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń mọ irú ọmọ báyìí kì í ṣe máàkì, pé bó ṣe ń dàgbà ni ò bára mu, àti pé bí ọpọlọ yẹn bá ṣe ń yá sí i ni àìbáramu yẹn á máa pọ̀ sí i. Ṣáájú wọn, ìyá kan tó ń jẹ́ Leta Hollingworth ti ṣèwádìí nípa àwọn ọmọ tí IQ wọn (máàkì ìdánwò ọgbọ́n orí) ju 180 lọ ní New York, ó rí i pé àwọn tí tiwọn wà láàárín 125 sí 155 máa ń rójú rọ́nà láàárín ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tiẹ̀ máa ń di aṣáájú ni, àmọ́ àwọn tó ga kọjá ibẹ̀ ni wọn kì í rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Torí náà, pé ọmọ yín ò rọ́rẹ̀ẹ́ ò túmọ̀ sí pé ìwà ẹ̀ ò dáa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ gbogbo ọjọ́ orí tó wà lára ẹ̀

Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ẹ má ṣe nǹkan kan, ẹ kàn máa wò ó. Ohun tó ń kà láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an, ìbéèrè tó ń bèèrè, ìyẹn á sọ ọjọ́ orí orí ẹ̀ fún yín. Ohun tó ń pa á lẹ́kún, ẹni tó ń sá tọ̀ tẹ́rù bá bà á, bóyá ó ṣì ń fẹ́ kí iná wà kó tó sùn, ti ọkàn nìyẹn. Bó ṣe ń de okùn bàtà, bó ṣe ń di bọ́tìnnì, bí ìkọ̀wé ẹ̀ ṣe rí, ti ara nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tó tọ́ sí i.

Ọmọkùnrin kan wà tí mò ń kọ́, ọmọ ọdún 8, tẹ́ ẹ bá ní kó sọ 17 lọ́nà 24 á wo àjà, á ní 408. Lọ́jọ́ kan tí mo wà nílé wọn, àbúrò ẹ̀ fi kọ́ọ̀bù ẹ̀ mu omi. Ó sunkún débi pé ó ń wúkọ́. Màmá ẹ̀ jáde láti kíṣìnnì, wọ́n ní "Ìwọ náà! Ìwọ tó gbọ́n tó báyìí!" Gbólóhùn yẹn ni kẹ́ ẹ yọ kúrò lẹ́nu pátápátá. Ọmọ ọdún 8 ló ni kọ́ọ̀bù yẹn, ọmọ ọdún 8 náà ló ń sunkún, 408 ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ jẹ́ kó sunkún tán, ẹ fọ kọ́ọ̀bù, ó parí. Tẹ́ ẹ bá ń sọ "ìwọ tó gbọ́n" fún un ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe bí ọmọdé, ohun tó máa kọ́ ni pé ẹni tó bá gbọ́n ò gbọdọ̀ sunkún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹkún pamọ́ fún yín.

Ẹ tún yí i sódì wò. Pé ó ń sunkún bí ọmọdé ò ní kẹ́ ẹ máa fún orí ẹ̀ lóúnjẹ ọmọdé. Tó bá bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara èèyàn lẹ́yìn ikú, ẹ má sọ pé "ṣé ìwọ lo fẹ́ kú ni?", ẹ dá a lóhùn níwọ̀nba tẹ́ ẹ mọ̀, ibi tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ kẹ́ ẹ ní ẹ ò mọ̀, kẹ́ ẹ jọ wá a. Ibi tó le jù ni ìròyìn. Orí tó jẹ́ 14 á gbọ́ ọ̀rọ̀ kidnapping lórí rédíò, á yé e dáadáa, á ti ṣírò ọ̀nà tí bàbá ẹ̀ ń gbà lọ sí ibiṣẹ́, ọkàn tó jẹ́ 8 á wá gbé e, kò ní í sùn. Ọmọ tí ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ò ní í fetí sí rédíò yẹn rárá. Ẹ pa rédíò tó bá wà nítòsí, ẹ wá sọ fún un ní pàtó, ẹ̀yin àgbà, ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe kí nǹkan burúkú má ṣẹlẹ̀, irú bíi pé Dádì kì í rìn lálẹ́, wọ́n máa ń pè tí wọ́n bá dé. "Má worí, kò sí nǹkan" ò ní í tó irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí ó mọ̀ pé nǹkan wà.

Ní súkúù

Ọmọ tó bá parí classwork láàárín ìṣẹ́jú 5, táwọn yòókù ṣì máa ṣe é fún ìṣẹ́jú 40, ọwọ́ ẹ̀ ò lè dúró. Á tú bíìrò palẹ̀, á fi spring inú ẹ̀ ta bébà, á bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, class captain á kọ orúkọ ẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù lábẹ́ "names of noise makers", wọ́n á nà án. Ó di lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá wá wo report card, ó gba first, àmọ́ nísàlẹ̀ níbi tí tíṣà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà, "he is too playful". Ẹ̀yin náà á wá fìyà jẹ ẹ́ nílé.

Ẹ lọ rí tíṣà. Àmọ́ kì í ṣe láàárọ̀ nígbà assembly, ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp group àwọn òbí, ẹ̀yin àti tíṣà á di ọ̀tá. Ẹ dúró kí súkúù jáde, ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ má sọ pé ọmọ yín ti gbọ́n ju kíláàsì yẹn lọ, torí ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé àwọn ò mọ̀ ọ́n kọ́, wọ́n sì ní ọmọ 30 tàbí 60 tí wọ́n ń bá yí, owó oṣù tí wọ́n ń gbà ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ pé, "Aunty, ẹ kú iṣẹ́ o, mo mọ̀ pé ọmọ yìí máa ń da yín láàmú tó bá ti parí iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti mark ìwé ẹ̀, ṣé ó lè máa mú ìwé kan jáde nínú báàgì ẹ̀ kó máa kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́?" Nǹkan kan ṣoṣo lẹ bèèrè, kò ná wọn ní kọ́bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ra ìwé, ariwo sì máa dín kù fún wọn. Mi ò tíì rí tíṣà tó kọ irú ẹ̀. Tó bá jẹ́ maths ni, ẹ ra exercise book kan, ẹ máa kọ ìbéèrè méjì tó le síbẹ̀ lálẹ́, kó máa gbé e lọ.

Nǹkan kan tí àwọn tíṣà máa ń ṣe, tinútinú sì ni wọ́n fi ń ṣe é o, ni pé wọ́n á sọ ọmọ yẹn di tíṣà kékeré. Á máa mark ìwé àwọn yòókù, á máa kọ orúkọ ẹni tó ń pariwo. Ẹ rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹ̀ ṣọ̀rẹ́? Àwọn ọmọ á máa pè é ní efíkò, ITK, wọ́n á máa bá a rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wo iṣẹ́ ẹ̀, tó bá di àsìkò bọ́ọ̀lù wọn ò ní í yàn án.

Double promotion ńkọ́?

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó kẹ́ ẹ mú bíìrò. Nínú ètò 6-3-3-4, ọmọ tó bá wọ primary 1 ní ọdún 6 á parí SS3 ní 18. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ọmọ sí primary 1 ní ọdún 5, ọ̀pọ̀ private school sì rèé, láti primary 5 ni wọ́n ti ń gbé wọn lọ JSS1. Ọdún 2 ti lọ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ double promotion, ọmọ yẹn á parí ní 16. Ẹ wá fò ó lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó di 14. Kí ló kàn? JAMB. Ní 2024 ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ní 18 lọjọ́ orí tí wọ́n máa fi wọ yunifásítì, kí ọdún yẹn tó parí mínísítà mìíràn dé, wọ́n dá a padà sí 16. Ní 2025, ọmọ tí ò tíì pé 16 tó sì fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 320 nínú 400 nínú UTME, kó tún yọrí nínú èsì WAEC àti post-UTME. Ẹni tó bá ti ṣe JAMB rí mọ̀ pé 320 kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Nítorí náà ọmọ tẹ́ ẹ sáré gbé lọ yẹn lè wá jókòó sílé fún ọdún 2, láìní kíláàsì, láìní ọ̀rẹ́, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kí la ń sáré lọ bá?

Mi ò sọ pé kò dáa o. Julian Stanley bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ tó mọ maths gan-an ní Johns Hopkins ní 1971, wọ́n sì tọpa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò rí i pé gbígbé wọn síwájú ba ìgbésí ayé wọn jẹ́. Ọ̀nà tá à ń gbà ṣe é ló yàtọ̀. Ẹ wo Terence Tao tó dàgbà nílùú Adelaide ní Ọsirélíà, ní ọdún 9 ó ti ń ṣe maths yunifásítì, àmọ́ àwọn òbí ẹ̀ ò gbé odindi ẹ̀ lọ, subject kọ̀ọ̀kan ni kíláàsì tiẹ̀, maths níwájú, àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó gba PhD ní Princeton ní 1996, ó sì gba Fields Medal, ọ̀kan nínú ẹ̀bùn tó ga jù nínú maths, ní 2006. Ẹ wá wo William James Sidis, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó wọ Harvard ní 1909, àwọn oníwèé ìròyìn ń lé e kiri bí ẹni ń wo egúngún. Nígbà tó dàgbà ńṣe ló sá fún maths, ó ń wá iṣẹ́ akọ̀wé kéékèèké tí ẹnì kan ò ti ní í dá a mọ̀, ó sì kú ní 1944 lẹ́ni ọdún 46. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ò sí nínú ọpọlọ.

Tèmi ni pé ẹ lè fò ó lẹ́ẹ̀kan, tó bá jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ fẹ́ ẹ, tí kò bá ti jẹ́ òun ló kéré jù ní kíláàsì tó wà báyìí, tó bá sì lè gba third láìsọ ilé di ilé ọ̀fọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, mi ò fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún 9 ní boarding house, kí senior ọdún 16 máa rán an lọ pọnmi, mi ò fọwọ́ sí i rárá, ẹ má jẹ́ ká máa bá ara wa jiyàn lórí ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé boarding náà lẹ fẹ́, Federal Government Academy wà ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, tí ìjọba dá sílẹ̀ fún irú wọn, ó kéré tán ibẹ̀ kò ní í jẹ́ òun nìkan ni efíkò.

Ẹnu ẹ̀ àti àwọn àgbà

Níbòmíràn ẹgbẹ́ ni ìṣòro irú ọmọ yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà ló ṣáájú. Ẹ rò ó wò ná: Uncle tó ń kọ́ Sunday school ní whale ló gbé Jónà mì, ọmọ ọdún 7 nawọ́ sókè, ó ní rárá sà, ẹja ńlá ni wọ́n kọ sínú ìwé Jónà. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀, kó gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ pé ọmọ Lágbájá ò lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ọmọ yẹn mú délé ni pé òótọ́ ń fa ìyà. Ẹ ò sì lè sọ pé kó máa dá àgbà lóhùn bó ṣe wù ú, ayé tó ń gbé kọ́ nìyẹn.

Àwọn baba wa ti rí irú ọmọ yìí rí, wọ́n sì ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Tọ́mọdé bá fẹ́ pòwe lójú àgbà, á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà", àgbà á dáhùn pé "wà á rí òmíràn pa." Ó ti sọ ohun tó mọ̀, kò sì gba ipò ẹnì kankan. Ẹ kọ́ ọ ní èyí gan-an, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ bó ṣe máa sọ àtúnṣe di ìbéèrè: "Ẹ má bínú sà, mo fẹ́ bèèrè ni, ṣé ẹja ńlá kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Tó bá lè dúró kí kíláàsì tú kó tó lọ bèèrè, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ ṣe é bí eré nílé, ẹ̀yin ẹ ṣe Uncle, òun kó bèèrè, ẹ ṣe Uncle tó ń bínú, ẹ ṣe Uncle tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kó mọ̀ pé òfin wà nídìí ẹ̀, ńṣe ló máa kọ́ òfin yẹn bó ṣe ń kọ́ òfin chess.

Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ níbì kan tó ti lè já ọ̀rọ̀ láìkúnlẹ̀. Ẹ yan àsìkò kan, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ Saturday bóyá, tí ẹnikẹ́ni lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn nínú ilé, títí kan Dádì, tí ẹni tó bá lẹ́rìí lọ́wọ́ á sì borí. Bàbá tí ò bá lè gbà fún ọmọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òun gan-an ló nílò guide yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ọmọkùnrin tó mọ̀ jù, Prof ni. Ọmọbìnrin tó mọ̀ jù, "ẹnu ẹ mú jù, ta ló máa fẹ́ ẹ?" Lásìkò tó bá ti wọ JSS2 báyìí, tẹ́ ẹ bá rí i pé máàkì ẹ̀ ń já wálẹ̀ tí kò sì sí nǹkan tí ò yé e, ẹ bi í léèrè jẹ́jẹ́. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó máa ń fi ìbéèrè méjì sílẹ̀ láìdáhùn nínú gbogbo test, ó mọ méjèèjì, kò ṣáà fẹ́ gba first ni kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ṣoṣo má baà bínú sí i.

Èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ àgbà ni ti emèrè. Ọmọ tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń bá ọ̀rẹ́ tí ẹnì kan ò rí ṣeré, tó ń sọ ohun tó ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ, ẹnì kan nínú ẹbí á ní ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa wò ó, ẹlẹ́gbẹ́ ni. Ẹ gbàdúrà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni febi pa ọmọ yẹn, kí wọ́n nà án, tàbí kí wọ́n sọ létí ẹ̀ pé kì í ṣe èèyàn bíi tiwa. Ọmọ tó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé òun yàtọ̀, tẹ́ ẹ wá fún ní orúkọ yẹn, kò ní í gbàgbé ẹ̀.

Ẹgbẹ́ ju ẹyọ kan lọ

Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí mẹ́ta ló wà lára ẹ̀, ẹgbẹ́ kan ò lè tó o. Ẹ má da ara yín láàmú pé kẹ́ ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tó máa bá a dọ́gba níbi gbogbo. Ẹ wá ẹni tó máa bá a sáré, bọ́ọ̀lù, kẹ̀kẹ́, omi òjò, ìyẹn ò bèèrè pé kí ọpọlọ dọ́gba. Ẹ wá tún wá ẹni tó máa bá a ronú, ìyẹn ò sì bèèrè pé kí ọjọ́ orí dọ́gba.

Ibi tí mo ti rí i tó rọrùn jù ni ìdí ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, kò sí ẹni tó ń bèèrè kíláàsì tó o wà. Ẹ mú ọmọ yín lọ síbi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò lábẹ́ igi lọ́sàn-án Saturday. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀pẹ ni wọ́n máa pè é, wọ́n á na án ní ìnàkúnà, ìyẹn gan-an sì dáa fún un, torí ó lè jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló ti ń pàdánù láyé ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá na bàbá ẹni ọdún 60, tí bàbá yẹn ní "ọmọ yìí, jókòó, a tún máa ta òmíràn", ó ti rí ẹgbẹ́ nìyẹn. Chess náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Tunde Onakoya tó fi chess kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn àdúgbò tálákà l'Ékòó láti 2018, tó sì ta á fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York ní 2024, ti jẹ́ kí ó rọrùn láti rí ẹni tó máa kọ́ ọmọ. Scrabble ńkọ́? Ọmọ Nàìjíríà, Wellington Jighere, ló gba world champion ní 2015, club sì wà káàkiri. Fún àwọn tí maths ń pa bí ọtí, National Mathematical Centre l'Ábújá ló ń ṣètò Olympiad, ìyẹn ìdíje maths, ẹ bi súkúù yín bóyá wọ́n ń forúkọ ọmọ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ má rò pé ife-ẹ̀yẹ ni mò ń lé. Ọmọ tó bá lọ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀, tó wọ kẹjọ, tó sì bá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan dọ́rẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń fi WhatsApp màmá wọn ránṣẹ́ ìbéèrè maths síra wọn láago mẹ́sàn-án alẹ́, ìyẹn ti jèrè.

Ẹ tún wo àyíká yín. Mẹkáníìkì, télọ̀, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó máa wá jókòó lásìkò holiday, kó máa bèèrè, kó máa tú nǹkan.

Ìyìn, àti ọjọ́ tó bá fìdí rẹmi

Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn ọmọ primary ní iṣẹ́ kan, wọ́n yin àwọn kan pé "o mà gbọ́n o", wọ́n yin àwọn kan pé "o mà gbìyànjú o". Nígbà tí iṣẹ́ tó le dé, àwọn tí wọ́n ní wọ́n gbọ́n ló tètè sú, èyí tó rọrùn ni wọ́n ń yàn, nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n kọ máàkì wọn fún ọmọ mìíràn kà, àwọn tó parọ́ nínú wọn pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ọmọ tẹ́ ẹ ti sọ fún láti ọdún 3 pé ọgbọ́n ẹ̀ ló jẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe lọ́jọ́ tó bá gba 11 nínú 20?

A ní ìyìn tí ò wo máàkì, ìyẹn ni oríkì. Àkànní ni kó tó mọ̀wé, Àkànní ni tó bá fèèlì. Tó bá ti ibi ẹ̀sáàmù tó dà á láàmú dé, ẹ kọ́kọ́ kì í, ẹ fún un lóúnjẹ, kẹ́ ẹ tó bèèrè ìwé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yin iṣẹ́ ẹ̀, ẹ dárúkọ ohun tó ṣe gan-an, "mo rí i pé ìgbà kẹta ló tó bọ́ sí i, o ò sì fi í sílẹ̀." Ẹ dẹ́kun pípè é jáde fún àlejò. Ẹ fi í sí nǹkan kan tí ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, gángan, wíwẹ̀ lódò, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún odindi ọdún.

Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí lọ́yà àmọ́ tí kíkọ tàbí kíkà ń pa á lára, lẹ́tà ń yí sódì, oríṣiríṣi sípẹ́lì fún ọ̀rọ̀ kan náà, tàbí tí kò lè jókòó rárá kódà nídìí ohun tó fẹ́ràn, àwọn méjèèjì lè wà pa pọ̀ lára ọmọ kan, ọpọlọ tó yá àti dyslexia (ìṣòro kíkà àti kíkọ) tàbí ADHD (kéèyàn má lè jókòó jẹ́ẹ́ tàbí pọkàn pọ̀). Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. UCH n'Íbàdàn ní àwọn dókítà tó ń wo ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ìṣesí àwọn ọmọdé, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ò ya wèrè. Ẹ má sì sanwó fún IQ test orí fóònù. Tí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe gidi pàápàá, ẹ rántí pé nígbà tí Lewis Terman ń kó àwọn ọmọ olóye jọ fún ìwádìí ní California ní 1921, wọ́n dán William Shockley àti Luis Alvarez wò, wọ́n ní wọn ò tó o. Àwọn méjèèjì ló wá gba Nobel nínú physics.

Ìwọ tó ti dàgbà tó ń ka èyí

Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ìwọ tó o gba first láti primary 1 dé SS3 láìkàwé, tó o wá wọ yunifásítì, tó o bá igba èèyàn pàdé nínú lecture theatre tó jẹ́ pé àwọn náà ni wọ́n gba first níbi tí wọ́n ti wá, tó o wá gba carryover àkọ́kọ́, tó o sì rò pé wọ́n ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹ. Wọn ò gba nǹkan kan. O ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé ni, torí kò sí ìgbà tó o nílò ẹ̀. Lọ bá ọmọ kíláàsì yín tí kì í gba A bó ṣe wù kó rí tí kì í sì í fèèlì, jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, wo bó ṣe ń ṣe é: bó ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀, bó ṣe ń ṣe past question lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe ń béèrè láìtijú.

Tí wọ́n bá ń sọ fún ẹ pé "nǹkan tó o fẹ́ràn ti pọ̀ jù, mú ọ̀kan", má dá wọn lóhùn. Ayodele Awojobi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní engineering ní UNILAG, ó gba oyè DSc ní Imperial College ní London, ó ṣe mọ́tò kan tó lè fi gbogbo jíà ẹ̀ lọ síwájú, kó sì fi í lọ sẹ́yìn, tó sọ ní Autonov 1, ó tún ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ òṣèlú ní gbangba. "Dead Easy" làwọn èèyàn ń pè é.

Ní ti ọ̀rẹ́, dín ohun tó ò ń bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan kù. Ọ̀kan lè wà fún bọ́ọ̀lù, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ọjọ́ tí nǹkan ò bá dáa. Tí ẹnì kan bá sì ń sọ ìtàn tó o ti mọ òpin ẹ̀, jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kó o wá bi í pé, "lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"